William Herschel, Atẹdùùrù tí ó Di Awòràwọ̀

Bí ènìyàn bá jókòó sí ìta gbangba ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní alẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá kò yọ, tí òjò sì ti fọ ojú sánmà mọ́ tónítóní, yóò rí ìràwọ̀ tí ó pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè kà lọ. Àwọn kan ń tàn bí iná àtùpà. Àwọn mìíràn ṣe bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dì wọ́n mú. Láàárín àwọn tí ó ṣe bàìbàì wọ̀nyí ni ọ̀kan wà tí kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Láti ayébáyé ni ojú ọmọ aráyé ti ń ré kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní ọdún 1690, Flamsteed, ẹni tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí àwọn awòràwọ̀ rẹ̀, rí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìràwọ̀ bí àwọn ìyókù ni. Ọkùnrin kan tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bath ni ó wá dá a mọ̀ ní ọdún 1781. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ ríran ju ti gbogbo ayé lọ. Awò kékeré kan tí ó gbé ojú sí, àti bí ó ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a yọ ọ̀kan kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ni ó jẹ́ kí ó rí ohun tí àwọn tí ó jù ú lọ ní ipò kò rí.

Ìlú Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí Friedrich Wilhelm Herschel, ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1738. Isaac ni orúkọ baba rẹ̀. Afọnfèrè ni baba yìí nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ogun. Kò ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìmọ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní orin láti kékeré. Nígbà tí Wilhelm di ọmọ ọdún 14, òun pẹ̀lú wọ ẹgbẹ́ olórin náà. Ní ọdún 1757, àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun àwọn ará Hanover ní Hastenbeck, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ré òkun kọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni ó ti di William. Orin kíkọ sínú ìwé fún àwọn ẹlòmíràn ni ó fi bọ́ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ orin káàkiri àríwá ilẹ̀ náà, títí wọ́n fi pè é sí Bath ní ọdún 1766 láti wá máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń pè ní Octagon Chapel.

Ìlú afẹ́ ni Bath nígbà náà, àwọn ọlọ́rọ̀ a sì máa wá síbẹ̀ láti wẹ̀ nínú omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀. Iṣẹ́ kò wọ́n fún ẹni tí ó bá mọ orin. Ní ọdún 1772, Herschel padà sí Hanover lọ mú Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni Caroline. Àìsàn ti dá a dúró láti kékeré tí kò fi ga, ìyá wọn sì ti pinnu pé iṣẹ́ ilé ni yóò máa ṣe títí ayé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun yóò kọ́ ọ ní orin kíkọ, ó sì kọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orin fi di ìyàwó kejì nínú ilé náà.

Bí ọ̀ràn ìràwọ̀ ṣe wọlé ni pé Herschel ti ka ìwé kan nípa ìmọ̀ ìró orin. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó wá ìwé mìíràn tí ẹni kan náà, Robert Smith, kọ. Ìwé ìmọ́lẹ̀ àti awò ni eléyìí sì jẹ́. Ní ọdún 1773 ó ra ìwé James Ferguson lórí ìmọ̀ ìràwọ̀, láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó háyà ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ kékeré kan, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta dígí ńlá, owó náà ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà náà ni ó ra irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti ń dán dígí rí, ó sì pinnu láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ó yẹ kí a mọ bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé lórí èyí ni gbogbo ìtàn náà dúró. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá gbọọrọ kan ni dígí ńlá wà, tí ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ bí àwo ìjẹun. Bàbà àti tánńganran ni Herschel ń yọ́ pọ̀ láti ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ dígí yìí ni láti gba ìmọ́lẹ̀ jọ, gẹ́gẹ́ bí agbada tí a gbé síta ṣe ń gba omi òjò: bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe gbà tó. Lẹ́yìn tí dígí bá ti pa ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí ojú kan, awò kékeré kan ni a fi ń wò ó, òun ni a ó máa pè ní awò ìfojúwò. Awò yìí ni ó ń sọ ohun tí ó kéré di ńlá. Ẹ̀rọ tí Herschel fẹ́ràn jù ní Bath gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, èyí tí í ṣe ínṣì 84. Bí awò ìfojúwò bá jẹ́ èyí tí ń pa ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ní ínṣì kan sí ara rẹ̀, ohun tí a ń wò yóò tóbi ní ìlọ́po 84. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ínṣì, ìlọ́po 168 ni. Nítorí náà, bí awò náà bá ṣe ń kéré sí i ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe: kí a ṣáà wá awò tí ó kéré jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí dígí gbà kò lé, kò dín. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ lójú, ó di dandan kí ó fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí a bú omi kún ọbẹ̀. Ibi tí a lè rí lójú ọ̀run náà yóò dínkù, àfi bí ẹni ń yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ayé tí ń yí yóò sì máa mú ìràwọ̀ sá jáde kúrò níwájú awò kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Èyí tí ó burú jù ni afẹ́fẹ́. Gbogbo wa ni a ti rí bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n rìrì lókè òrùlé páànù ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ òru ń gbọ̀n, awò alágbára a sì sọ ìgbọ̀nrìrì náà di ńlá pẹ̀lú ìràwọ̀. Nítorí náà awò kan kò tó. Herschel dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún ara rẹ̀. Awò ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì yàn láàyò, kì í ṣe méjì tí a tò léra wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn oníṣẹ́ London, nítorí pé gbogbo ojú awò tí ìmọ́lẹ̀ bá là kọjá ni ó ń ṣófò díẹ̀ nínú rẹ̀.

Wàhálà iṣẹ́ náà kò kéré. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán dígí, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi parí, kí ó má baà bàjẹ́. Nígbà kan Herschel fi wákàtí 16 dán ọ̀kan láìsinmi, Caroline sì ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1781, ó fẹ́ rọ dígí kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 nínú ilé rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹṣin tí a gún kúnná ni wọ́n fi mọ àwòṣe rẹ̀. Irin yíyọ́ jò sílẹ̀, àwọn òkúta ilẹ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ sókè pẹ̀lú ariwo, oníkálukú sì fẹsẹ̀ fẹ.

Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ṣáájú ìjàm̀bá yìí ni ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ti ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, Herschel wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, ojúlé 19 ní òpópónà New King Street. Ó ń yẹ àwọn ìràwọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí í ṣe méjì tí ó fara kọ́ra. Awò ìlọ́po 227 ni ó wà lójú ẹ̀rọ náà. Ó bá ọ̀kan pàdé tí ó dà bí ẹni pé ó tóbi ju àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kọjá. Herschel yọ awò náà, ó fi ti ìlọ́po 460 sí i, ó sì tún fi ti ìlọ́po 932 rọ́pò rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó ń wá. Ìràwọ̀ tòótọ́ jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí awò tí ó lè sọ ọ́ di ńlá ní ti gidi. Bí a ti wù kí a ṣe é, ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá sún mọ́ wa yóò máa tóbi bí awò bá ṣe lágbára sí. Àwọn ìràwọ̀ tí ó yí eléyìí ká dúró bí wọ́n ti wà. Òun nìkan ni ó ń tóbi sí i, tí etí rẹ̀ sì ń di ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí awò tí ó lágbára jù gun orí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó tún wò ó, ó rí i pé ó ti ṣípò padà.

Ó rò pé ìràwọ̀ onírù ni, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ròyìn rẹ̀. Ó tilẹ̀ wọ̀n ọ́n ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó ní ó ń tóbi sí i bí ohun tí ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ńṣe ni ó ń jìnnà. Awò tí ó fi òtítọ́ hàn án ní oṣù Kẹta náà ni ó tún tàn án jẹ ní oṣù Kẹrin. Àwọn onímọ̀ ìṣirò, pàápàá Lexell ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni wọ́n ṣírò ọ̀nà tí ó ń tọ̀, tí wọ́n sì fi hàn pé pílánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀kan nínú àwọn alárìnkiri tí ń yí oòrùn ká, ní ibi tí ó jìnnà sí oòrùn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti Sátọ̀nì. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàwárí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun rí. Herschel fẹ́ fi orúkọ Ọba George Kẹta pè é, ṣùgbọ́n orúkọ tí Bode ará Jámánì fún un, Uranus, ni ó borí.

Ní òpin ọdún náà, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní London, fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley, wọ́n sì gbà á wọlé. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà ti là fún un. Nínú àwọn ìwé tí ó kọ sí ẹgbẹ́ náà ni ó ti dárúkọ agbára àwọn awò rẹ̀: 460, 932, 2010, títí dé 6450. Ẹnu ya àwọn àgbà. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ tí ó gbówó lórí jù ní London ń ṣe kì í kọjá ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan, atẹdùùrù kan tí kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì sì ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Àwọn kan ní ìṣirò rẹ̀ ni kò yé e. A kò ṣàìrí ẹni tí ó rò pé orí rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀ràn yìí le fún un, nítorí pé àjèjì ni, kò sì ní ohun mìíràn ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi lè pè é ní onírọ́ lórí awò, ta ni yóò gba ohun tí ó bá ní òun fi awò náà rí?

Ní ọdún 1782 ó kọ ìwé pàtàkì kan sí ẹgbẹ́ náà láti mú iyèméjì yìí kúrò. Ó sì ní ìdáhùn kan tí olórin nìkan ni ó lè ronú kàn: ó gbà pé ìríran pẹ̀lú jẹ́ ohun tí a ń kọ́, gẹ́gẹ́ bí dùùrù, àti pé ẹni tí kò tíì fi ọ̀pọ̀ òru kọ́ ojú rẹ̀ kò lè jókòó lójijì sí ìdí awò tí ó le jù kí ó sì ríran, bí ẹni tí kò tẹ dùùrù rí kò ti lè tẹ orin Handel. Ní ọdún náà ni wọ́n ní kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Greenwich, níbi tí ilé ìwòràwọ̀ ọba wà. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Maskelyne, olórí awòràwọ̀ ọba, wọ́n sì rí i pé ti Herschel dára jù. Ọ̀rọ̀ parí. Ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí a wọn díẹ̀ nínú àwọn awò rẹ̀, a bá àwọn kan níbẹ̀ tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró iyanrìn lọ; irọ́ kọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, àwọn tí ń ṣiyèméjì pẹ̀lú kò jẹ̀bi tán: ní alẹ́ púpọ̀, awò ìlọ́po 6450 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, àní fún Herschel pàápàá.

Ọba fún un ní pọ́n-ùn 200 lọ́dún kí ó lè fi orin sílẹ̀, kí ó sì máa wo ìràwọ̀ nítòsí ààfin Windsor. Owó yìí kò tó ohun tí ó ń rí nídìí orin, síbẹ̀ ó gbà á, òun àti Caroline sì kó lọ sí Datchet. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú ayé rẹ̀, ní ọdún 1783: ó fẹ́ gbá gbogbo ojú ọ̀run tí ó lè rí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó lò, tí ẹnu dígí rẹ̀ fẹ̀ ju ínṣì 18 lọ. Ẹ wo awò tí ọkùnrin ìlọ́po 6450 yìí yàn fún un: ìlọ́po 157 péré. Ohun tí ó ń wá ní àkókò yìí ni àwọn ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ bí èéfín, awò líle ì bá sì fẹ̀ wọ́n lójú títí wọn yóò fi pòórá. Pẹ̀lú awò yìí, ó ń rí ibi tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì òṣùpá ní ìwòye kan. Òun wà lórí àtẹ̀gùn nínú òtútù, yóò ké ohun tí ó rí sílẹ̀. Caroline jókòó nínú ilé nítòsí aago, ó ń kọ ọ́. Títí di ọdún 1802, ìkùukùu àti ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó 2,500.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún 1783 parí, yìnyín bo ilẹ̀, Herschel sì ké sí àbúrò rẹ̀ pé kí ó yára yí ẹ̀rọ. Bí ó ti ń sáré nínú òkùnkùn, ó yọ̀ ṣubú lórí ìwọ̀ irin kan tí ó gún un ní ẹsẹ̀ lókè orúnkún, ó sì ya ẹran ara rẹ̀ kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Caroline kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún 1786 sí 1797, òun fúnra rẹ̀ ṣàwárí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ, ọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í san pọ́n-ùn 50 fún un lọ́dún láti 1787.

Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń wá wò ni èyí tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tí ẹnu dígí rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 48. Slough ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, ó parí ní ọdún 1789, owó tí ọba sì ná lé e lórí tó pọ́n-ùn 4,000. Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ, ọba mú Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury rìn gba inú ọ̀pá rẹ̀ kọjá. Ó fi ẹ̀rọ yìí rí òṣùpá méjì lára Sátọ̀nì ní ọdún náà. Síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti tóbi jù fún ojú ọmọ ènìyàn. Bí awò ìfojúwò kò bá tó nǹkan bí ìlọ́po 200, ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde níbẹ̀ yóò fẹ̀ ju ọmọlójú lọ, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán. Bí ó bá sì lágbára jù, ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbà fún un. Dígí rẹ̀ wúwo, ó sì ń tètè pàdánù dídán rẹ̀. Herschel kò sọ ọ́ lóhùn rara, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó ń padà sí.

Ó ṣe àṣìṣe lóòótọ́. Lára òṣùpá mẹ́fà tí ó ní òun rí lẹ́bàá Uranus, méjì péré, tí ó rí ní ọdún 1787, ni ó jẹ́ òtítọ́. Ó sì gbàgbọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ pé ènìyàn ń gbé inú oòrùn. Ṣùgbọ́n àkíyèsí lẹ́nu awò tún so èso mìíràn fún un ní ọdún 1800. Ó ń wá dígí aláwọ̀ dúdú tí yóò fi bo awò rẹ̀ kí ó lè wo oòrùn láìfọ́jú. Ó rí i pé àwọn kan dí ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ooru ń gbà wọ́n kọjá, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá láìsí ooru púpọ̀. Ó fi ohun èlò tí a fi ń wọn ooru wádìí àwọ̀ òṣùmàrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ooru tí ó pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣàwárí ìtànṣán tí a kò lè fojú rí.

Herschel fẹ́ Mary Pitt, opó kan, ní ọdún 1788. A bí ọmọ wọn, John, ní ọdún 1792. Wọ́n fi oyè dá a lọ́lá ní 1816, ó sì kú ní Slough ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1822, ní ẹni ọdún 83. Caroline padà sí Hanover, ó sì gbé ibẹ̀ títí di ọdún 1848. John ni ó di ẹ̀rọ ẹsẹ̀ bàtà 20 náà sínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1833, tí ó gbé e wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ní Cape Town, láti wo apá ojú ọ̀run tí baba rẹ̀ kò lè rí láti Slough. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi wò ó níbẹ̀. Ẹ̀rọ ẹsẹ̀ bàtà 40 ni wọ́n tú palẹ̀ nígbà tí ó di ọdún 1840. Ilé tí ó wà ní New King Street ní Bath ṣì dúró; wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tí ó bá débẹ̀ sì lè jáde sí ẹ̀yìnkùlé náà.